Ta Ló Yẹ Kó Gé Èékánná Màmá? Àlàyé Lórí Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Àgbàlagbà

Ọmọ tó wà ní London pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú màmá lọ rí podiatrist. Ẹsẹ̀ wọn tí mo rí nínú fídíò yẹn ń kọ mí lóminú." Ẹ̀gbọ́n ní kò burú. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀: "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé dókítà ni, àbí àwọn tó ń ṣe pẹ́díkọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Nílùú òyìnbó, podiatrist jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó kọ́ nípa ẹsẹ̀ nìkan: èékánná, awọ, egungun, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn débẹ̀, títí dórí bàtà tí ẹni náà ń wọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, chiropodist ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń ṣàkóso irú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀, máa fi èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì pe ara rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn yunifásítì, wọ́n á tún kàwé ọdún 4, wọ́n á fi ọdún 3 kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀. Ní Nàìjíríà, irú wọn kò wọ́pọ̀ rárá. Ẹ lè ti Ìbarà rìn dé Láfẹ́nwá kí ẹ má rí pátákó kan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Iṣẹ́ náà wà níbí, àmọ́ ó fọ́n káàkiri ni. Díẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò, díẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà ìtọ̀ ṣúgà, díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, díẹ̀ lọ́wọ́ physiotherapist tó ń fi ìdárayá tún ara ṣe, èyí tó kù ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ní sísọ́ọ̀sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni èmi tí mò ń kọ èyí, egbò ni mo ń fọ̀, egbò ẹsẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi nípa ẹsẹ̀ àgbà èyíkéyìí: ṣé ẹsẹ̀ yìí ṣì ń mọ nǹkan lára? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ-ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè bá màmá àgbà gé èékánná. Bí ọ̀kan bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìlera, títí kan ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe

Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì ti ru ara fún ọgọ́ta, àádọ́rin ọdún. Ọ̀rá abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ á fẹ́lẹ́, awọ á gbẹ, gìgísẹ̀ á sán. Èékánná ni ti ẹ̀ ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù: ó ń nípọn, ó ń pọ́n bí iyeyè tó pọ́n jù, ó sì lè lọ́ bí ìwo àgbò títí á fi wọ inú ẹran ìka kejì. Ojú àgbà kì í sì í ríran dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ò ṣeé tẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá tó ní "ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan" kò tíì rí abẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Kì í ṣe gbogbo èékánná tó nípọn ló ní fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ọjọ́ orí nìkan lè fà á, bàtà tó fún lè fà á, òkúta tí ẹni náà fẹsẹ̀ gbá ní ìgbà ọ̀dọ́ náà lè fà á. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ní láti mọ̀ pé èékánná ẹsẹ̀ kì í tètè hù: bíi mìlímítà kan ààbọ̀ lóṣù ni. Kí èékánná àtàǹpàkò tó pààrọ̀ tán, ó lè gba oṣù 12 sí 18. Torí náà, ẹni tó lò ó fún oṣù méjì, tó bínú jù ú nù pé kò ṣiṣẹ́, kò tíì fún un láyè.

Ẹsẹ̀ tí kì í dunni

Ẹsẹ̀ tó ń dun ènìyàn kì í bà mí lẹ́rù tó èyí tí kì í dunni mọ́.

Ẹ̀tẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn dókítà lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Láyé àtijọ́, gbogbo ènìyàn gbà pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ ló ń jẹrà fúnra rẹ̀, tí ìka fi ń gé. Dókítà Paul Brand, tó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà, fara balẹ̀ wò ó, ó rí i pé ẹran wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìrora ni wọn kò mọ̀ mọ́. Wọ́n á tẹ ìṣó, wọ́n á máa rìn lọ. Wọ́n á di ìkòkò gbígbóná mú láìmọ̀. Ní 1966 ó lọ sí ọsibítù ẹ̀tẹ̀ tó wà ní Carville, ní Louisiana, l'Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i kedere pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ máa ń ba iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, ẹsẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni iṣan náà gùn dé.

Ìtọ̀ ṣúgà nìkan kọ́ o. Ọtí àmujù ń ṣe é, àrùn kídìnrín ń ṣe é, àìtó fítámì B12 náà ń ṣe é. Metformin, oògùn ṣúgà tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò, sì lè dín B12 kù lára tí wọ́n bá ti lò ó pẹ́. Ẹ lè ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé màmá á ní ẹsẹ̀ ń jó òun lóru, ó ń ta òun bí abẹ́rẹ́, ó dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, wọ́n á fi Robb ra á. Tó bá yá, jíjó náà á dáwọ́ dúró, gbogbo ilé á dúpẹ́. Ìgbà mìíràn, kì í ṣe pé ó sàn. Iṣan náà ló kú tán.

Okùn náílọ́ọ̀nù kékeré kan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní ilé ìwòsàn. Wọ́n á fi orí rẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ títí á fi tẹ̀. Agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ kò ju gíráàmù 10 lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ìrora tó ń dáàbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Mo ṣe é fún ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú. Ìyá náà jókòó, aró ti wọnú gbogbo ibi tó sán ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Mo ní: "Màmá, ẹ dijú. Bó bá ti kàn yín, ẹ ní ó kàn yín." Mo fi okùn kan àtàǹpàkò. Wọn ò fọhùn. Mo fi kan ìsàlẹ̀ ìka àárín, mo fi kan ti ọmọ ìka tó kéré jù. Kẹ́kẹ́. Mo bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì, bákan náà. Màmá la ojú kan: "Ọmọ mi, ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Lábẹ́ ìka kejì ni mo ti rí ojú egbò kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń pa aró ló ta sí i, ó jó o wọnú. Wọn ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Torí kí ni wọ́n ṣe máa mọ̀?

Ẹ lè ṣe irú ìdánwò yìí nílé láìní okùn. Kí àgbà náà dijú, kí ẹ fi orí ìka ìfábẹ̀là yín kan orí àtàǹpàkò, ọmọ ìka àárín àti ọmọ ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ibi mẹ́fà lápapọ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fọwọ́ pa á, ẹ má sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójú kan. Bí wọn ò bá mọ ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára, ẹ ka ẹsẹ̀ yẹn sí èyí tó wà nínú ewu, kí ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò tó péye. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé àwọn ará ilé lè ṣe é.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀?

Ní ti ìbéèrè kejì, ìlú wa fúnra rẹ̀ ń bá wa ṣàyẹ̀wò. Òkè pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí bàbá bá ń gun òkè lọ sí Ìtòkò, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun so pọ̀ tó sì ń dùn wọ́n, tí wọ́n dúró díẹ̀ tó sì fi wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n tún gbéra tó tún padà wá níbi tó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ pe ọjọ́ orí. Ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ti há. Ẹsẹ̀ tó máa ń tutù nígbà tí èkejì ń lọ́ wọ́rọ́, awọ tó ń dán, irun ojúgun tó re dànù, ìrora òru tó jẹ́ pé àfi tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó rọlẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ́ka sí. Sìgá ló ń fà á jù, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ inú. Bó bá ṣòro láti rí, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi ti apá pín in. Bí èsì bá kéré sí 0.9, iṣan ti há. Bó bá ju 1.4 lọ, kì í ṣe pé ara le o: iṣan náà ló ti gan, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí tí èyí fi kan ẹni tó fẹ́ gé èékánná ni pé ẹ̀jẹ̀ ló ń wo egbò san. Ibi tí sísọ́ọ̀sì bà díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀dọ́ á jinná lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé, ó lè di egbò àdáàjinná.

Ọwọ́ ta ni ká gbé e sí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn málàmù tó ń lu sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò. Mi ò ní bú wọn. Ọwọ́ wọn já fáfá, wọ́n ti gé èékánná àwọn bàbá wa ní ìgbà tí kò sẹ́ni tó rántí. Irin wọn ni ìṣòro. Sísọ́ọ̀sì kan náà ló ń kọjá láti ilé dé ilé, kòkòrò hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sì lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ 7. Kí wọ́n rẹ irin bọ omi Dettol kí wọ́n tún nù ún kò pa á tán. Ní ọsibítù, inú ẹ̀rọ ni irin ń wọ̀, oru omi tó gbóná dé 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius á bá a fún bí ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Bí bàbá ò bá lè ṣe kí málàmù wọn má gé e, kí wọ́n ra irin tiwọn sílé. Èyí fún ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè méjèèjì nìkan.

Àwọn tó ń ṣe pẹ́díkọ̀ náà, ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ wọn. Kò sóhun tó burú nínú ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń ha gìgísẹ̀ lè ha ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora dé ibi tí kò yẹ, omi gbígbóná inú bàsíà wọn sì lè bó ẹsẹ̀ láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, tó sọ pé ẹnì kan kọ́ "foot care" fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ má tijú láti béèrè ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní Nursing and Midwifery Council. Dókítà ní MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀. Physiotherapist àti àwọn tó ń ṣe ìtìlẹ́yìn ẹsẹ̀ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà lábẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board. Ẹni tí kò sí níbì kankan, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀dà kun èékánná kó sì mọ níbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, ibi tí mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ dókítà tó ń rí gbogbo aláìsàn, ì báà jẹ́ ní ilé ìlera wọ́ọ̀dù yín, ní State Hospital tó wà ní Ìjàyè, ní Federal Medical Centre (FMC) tó wà ní Ìdí-Abà, tàbí ní Sacred Heart ní Lántòro tó ti ń gba aláìsàn láti 1895. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ bá wa wo ẹsẹ̀ màmá", torí wọ́n lè wò ó lórí kí wọ́n sì kọ oògùn ìrora. Ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá ẹsẹ̀ wọn ṣì ń mọ nǹkan lára, kí ẹ sì fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù níbẹ̀." Bí ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ ó rí i pé wọ́n á ní kí màmá bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti darí yín: sí dókítà ìtọ̀ ṣúgà bí ṣúgà bá ń yọnu, sí oníṣẹ́ abẹ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá há, sí dókítà awọ ara, sí physiotherapist bí ìrìn bá ti yí padà.

Iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ náà wà lórí ewu tó wà níbẹ̀. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ẹsẹ̀ ṣúgà ń lò káàkiri ayé ni pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ nǹkan lára tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Bí ìmọ̀lára bá ti lọ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ti dín kù, kó jẹ́ oṣù 6 sí 12. Bí méjèèjì bá pàdé, tàbí ọ̀kan nínú wọn pàdé ìka tó ti wọ́, oṣù 3 sí 6. Ẹni tó ti ní egbò ẹsẹ̀ rí tó jinná, tàbí tí wọ́n ti gé ìka rẹ̀, oṣù kan sí mẹ́ta ni, torí egbò tó ti dá níbẹ̀ rí kì í pẹ́ tún dá.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹsẹ̀ gan-an

Àwọn kan rò pé wọ́n kàn fẹ́ gba owó lórí èékánná gígé ni. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo bàtà, inú àti ìsàlẹ̀ rẹ̀; ibi tí bàtà ti jẹ ń sọ ibi tí ara ń tẹ̀ jù. Á gé èékánná gbọọrọ, kò ní wa igun rẹ̀ wọ inú ẹran. Èyí tó nípọn, á fi fáìlì tàbí ẹ̀rọ kékeré dín in kù kó tó gé e. Awọ líle tó ga lábẹ́ ẹsẹ̀, á fi abẹ fá a díẹ̀díẹ̀ láì ta ẹ̀jẹ̀. Eléyìí ṣe pàtàkì, torí lábẹ́ awọ líle bẹ́ẹ̀ ni egbò máa ń farapamọ́ sí nígbà tí ẹsẹ̀ kò mọ ìrora. Fífá a nìkan kì í sì í tó. Bí wọn ò bá mú ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kúrò, nípa ìtẹ́sẹ̀ inú bàtà tàbí kí wọ́n pààrọ̀ bàtà pátápátá, á padà wá.

Ẹ má ra bíléèdì ní ọjà Kútọ̀ kí ẹ fi gé e nílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni pílásítà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ líle kó lè rọ̀, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísíìtì: ásíìdì ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í mọ ibi tí awọ líle parí sí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ lò ó.

"Ó tẹ nǹkan"

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa ẹsẹ̀ jù, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Egbò yọ lábẹ́ ẹsẹ̀, kò dun àgbà náà, kò jinná, ó ń rùn. Kí ni àwọn ará ilé á sọ? Wọ́n ní ó tẹ nǹkan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbé e sílẹ̀, láti orí ọbàkan dórí alájọgbé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n egbò tí kò dunni, tó yọ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ jù, lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti ga láti ọdún mẹ́wàá, mo lè sọ bó ṣe débẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n gbàdúrà tí wọ́n fẹ́ gbà nígbà tí a bá ń fọ egbò náà lọ́wọ́. A kì í dí ara wa lọ́wọ́.

Ìbẹ̀rù kejì ni pé "bí a bá gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n á gé e". Wọ́n á wá dúró títí ìka á fi dúdú. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, egbò kékeré tí wọ́n tọ́jú sílé fún oṣù mélòó kan ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n tú oògùn kápúsù sí i lórí, wọ́n da sípíríìtì sí i, wọ́n fi ewé dì í. Egbò ẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ohun tí ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ kan wò. Kí òṣìṣẹ́ ìlera rí i láàárín wákàtí 24. Ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀ bí ibi tó wú tàbí tó le bá ń fẹ̀ sí i, bí ibà bá wọ̀ ọ́, bí ìka bá ń dúdú, bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù tó sì ń dunni gan-an, tàbí bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé gbóná tó sì wú láìsí pé ó ṣubú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lè jẹ́ pé egungun inú ẹsẹ̀ ló ń fọ́ láìdunni. Bí wọ́n bá ń rìn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ á yí padà títí láé.

Nǹkan kékeré méjì kan. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń wú nírọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kídìnrín, ó sì lè jẹ́ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ́pọ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilà dúdú bá sì yọ lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo, tó ń fẹ̀ sí i, tí kì í ṣe pé òkúta bá a, ẹ má fi làálì tàbí ọ̀dà bò ó. Jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma, bó bá mú àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló fẹ́ràn jù. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì pa á ní 1981.

Láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì

Kí ẹnì kan nínú ilé máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Omi tó lọ́ wọ́rọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe èyí tó ń rú èéfín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi ìgúnpá yín tọ́ ọ wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Kí ó má pẹ́ nínú omi. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, pàápàá àwọn Mùsùlùmí tí omi ń kan ẹsẹ̀ wọn nígbà márùn-ún lójúmọ́ fún àlùwàlá. Ibi tó bá ń tutù síbẹ̀ ló ń funfun tó ń bó. Fún ẹni tí fífọ ẹsẹ̀ lemọ́lemọ́ ti di ìṣòro, ẹ bi Àfáà yín léèrè nípa fífi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀ awọ. Ó wà nínú ẹ̀sìn.

Òrí dára fún gìgísẹ̀ tó gbẹ, kò sì sí ìpara olówó gọbọi tí mo rí tó ṣe jù ú lọ. Ẹ má fi sí àárín ìka. Kò sí Robb, kò sí àpò omi gbígbóná, kò sí yíyá iná fún ẹsẹ̀ tí kò mọ ooru.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà, kódà nínú yàrá. Mo mọ̀ pé èyí ṣòro fún àwọn ará Sẹ̀lẹ́ tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ẹ bá olùṣọ́-àgùntàn sọ ọ́, kí ẹ béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ funfun tó nípọn ṣeé gbà, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò kí wọ́n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ ìsìn. Òkúta ìlú wa kì í ṣe eré lọ́sàn-án gangan. Bàtà náà, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ra á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan ju ìka tó gùn jù lọ, kí ó ní ohun tó ń dì í mú lẹ́yìn. Sílípáàsì tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ máa ń gbé àgbà ṣubú. Kí wọ́n sì fọwọ́ wá inú bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Mo ti rí ìdérí ìgò nínú bàtà bàbá kan tó wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá pé, bàtà tí wọ́n ń wọ̀ jù nílé ni kí wọ́n wọ̀ lọ, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo. Kí wọ́n má kun èékánná, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kí wọ́n tó lọ; bó ṣe rí gan-an ni nọ́ọ̀sì fẹ́ wò.